Ìka Kẹta Inú Fóònù Atọpinpin

Ilé ìkẹ́rùsí náà mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mọ̀ pé ibi tí ọ̀daràn bá ti sá lójijì máa ń rí wúruwùru ni: bàtà ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, oúnjẹ àjẹkù lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn tí wọn ò rántí tì. Èyí yàtọ̀. Wọ́n ti kó gbogbo páálí, wọ́n ti kó gbogbo ìgò, wọ́n tún wá gbálẹ̀ lé e. Òórùn ṣúgà jíjóná nìkan ni wọn ò rí gbá.

Obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Atọpinpin dúró sáàárín gbọ̀ngàn òfìfo náà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Orúkọ àlàjẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó bá a mu, torí pé tó bá ti di ìdí ọ̀rọ̀ kan mú, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Látìgbà tí àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní wọ́ọ̀dù ọmọdé ló ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn tó ń po oògùn ikọ́ ayédèrú yìí. Ìgò wọn dára, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà tún dára ju ti ojúlówó lọ. Ohun tó wà nínú ìgò ni ikú. Àárọ̀ yìí ló yẹ kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n.

"Ẹni tó ráyè gbálẹ̀, wọ́n ti ta á lólobó ni," ó sọ jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ fún ẹyẹ yìí.

Baba Sájẹ́ǹtì ló rí fóònù náà. Ọkùnrin àgbàlagbà yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí Atọpinpin tó wọlé ìwé girama, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti gé lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àwọn pákó tí wọ́n fi ara ti ògiri, ó fa fóònù kékeré kan jáde. Ó tì pa, wọn ò lè ṣí i, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹni tó ni ín kò tíì nù kúrò sì hàn gbangba.

Baba Sájẹ́ǹtì kà á. Ó tún un kà. Dípò kó gbé e fún Atọpinpin tó dúró tì í, ó yí padà, ó gbé e fún Ọ̀gá Àgbà wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Atọpinpin rí ìyẹn.

"Ka èyí sókè fún mi," Ọ̀gá Àgbà wí, ó na fóònù náà sí i.

Ó kà á sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní. Wọ́n ń bọ̀ kílẹ̀ tó mọ́."

"Nọ́ńbà tó wà lókè rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Ó wo nọ́ńbà náà. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, sà."

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìwọ, èmi àti Sájẹ́ǹtì nìkan la sì mọ ibi tí à ń lọ. Mú fóònù rẹ wá."

Ó ṣí i lójú gbogbo wọn. Kò sí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti pa á rẹ́," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Sà, fóònù mi kì í ṣí fún ẹlòmíì. Àfi tí mo bá fi ìka mi kàn án."

"Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn." Ọkùnrin náà na ọwọ́. "Fún mi ní káàdì iṣẹ́ rẹ. Ó yẹ kí n gba fóònù náà pẹ̀lú, àmọ́ mo mọ̀ ọ́, mo mọ iṣẹ́ rẹ. Títí di àárọ̀ ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí lọ́wọ́ mi mọ́."

*

Atọpinpin dá jókòó sínú ọkọ̀, ó tì í pa. Ó fi orí rẹ̀ síbi iṣẹ́, bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá gbé ọ̀ràn ẹlòmíì fún un.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde láti inú fóònù yìí lóòótọ́. Kì í ṣe òun ló fi ránṣẹ́. Ìka ló sì ń ṣí i. Nígbà náà, ìka ta ni?

Ó wọ ibi ètò fóònù náà, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ojú ewé kan sì ṣí tí kò dé láti ìgbà tó ti pẹ́, níbi tí fóònù ti ń to gbogbo ìka tó mọ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ó ń retí ìlà méjì. Mẹ́rin ló rí.

Ìka kìn-ín-ní. Ìka kejì. Ìka kẹta. Ìka kẹrin.

Ṣebí òun ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé tí wọ́n bá gba fóònù afurasí, kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye ìka tó wà nínú rẹ̀. Ti ara rẹ̀, kò wò ó rí.

Lẹ́yìn fóònù náà ni ojú róbótó tó ń gba ìka wà, ibi tí ìka ìfábẹ̀lá ti ń bọ́ sí fúnra rẹ̀ téèyàn bá gbé e. Ó fi ìfábẹ̀lá ọ̀tún kàn án. Ìlà kìn-ín-ní ṣẹ́jú, ó di àwọ̀ búlúù, ó sì padà sí bó ṣe wà. Ó fi ìfábẹ̀lá òsì kàn án. Ìlà kejì ṣẹ́jú. Èyí tọ̀nà: òsì yìí ni wọ́n fi kún un lọ́dún tó kọjá nígbà tó ṣubú láti orí ògiri níbi tó ti ń lé olè, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán, tí wọ́n dì í ní báńdéèjì líle títí dé àtàǹpàkò. Ó wá gbìyànjú gbogbo ìka tó kù, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìkẹta àti ìkẹrin kò mira.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kò sẹ́ni tó lè fi ìka kún ojú ewé yìí láìtẹ nọ́ńbà àṣírí. Òun kò sì sọ nọ́ńbà náà fẹ́nikẹ́ni. Àbí ẹni náà gba fóònù lọ́wọ́ òun nígbà tí òun fúnra òun ti tẹ nọ́ńbà tán? Bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù kì í to ìka bó ṣe wù ú. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń wà lókè. Ìkẹta wọlé lẹ́yìn ìka òsì, ìyẹn lẹ́yìn tí ọwọ́ òun kán. Kò lè jẹ́ ṣáájú.

Ta ló wà nítòsí fóònù yìí nírọ̀lẹ́ àná? Ó wọ balùwẹ̀ nígbà tó délé, fóònù ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Baba Sájẹ́ǹtì jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró dè é kó wá fọwọ́ sí ìwé kan. Nígbà tó sì fi jáde, ọkọ rẹ̀ ti dé, ó ti bọ́ bàtà. Àwọn méjì nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣe oúnjẹ. Ìyẹn ò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

*

Téèyàn bá sọ fún ẹni tó jẹ̀bi pé kó wá fi ìka kan fóònù, ìka mìíràn ló máa mú wá. Atọpinpin mọ ìyẹn. Kò ní béèrè ìka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún ibi ètò wọ̀, ó sọ fún fóònù náà kí ojú rẹ̀ má tètè kú, ó ṣí ojú ewé ìka sílẹ̀, ó gbé e sórí àga iwájú ọkọ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Baba Sájẹ́ǹtì.

Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi gbé fóònù yẹn kẹ́ ẹ tó jókòó."

Ó gbé e. Ìfábẹ̀lá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka àárín rẹ̀ ló bọ́ sí ojú róbótó náà. Kò sí ìlà tó ṣẹ́jú. Ó yí i lọ sọ́wọ́ òsì, ó na án sí i. Síbẹ̀, kò sí.

"O ń dán mi wò," ó wí.

"Ẹ̀yin náà gbé fóònù fún Ọ̀gá, ẹ ò gbé e fún mi."

"Nọ́ńbà rẹ ni mo rí níbẹ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n gbé e mì?"

"Nígbà tí mo wà nínú balùwẹ̀ lánàá, ta ló fọwọ́ kan fóònù mi?"

"Mo jáde síta lọ mu sìgá. Ọkọ rẹ bá mi lẹ́nu géètì, ó ń bọ̀ láti ibi ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé, ìwé ìdánwò kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. A kí ara wa, mo padà wọlé tẹ̀ lé e. Ìwọ náà jáde."

"Nígbà tẹ́ ẹ jáde lọ síta, ta lẹ fi sílẹ̀ nínú ilé?"

Ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn mú. "Ìwọ lọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́," ó wí. Ó jáde nínú ọkọ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

*

Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ń máàkì ìwé ìdánwò lórí tábìlì nígbà tó wọlé. Ó fi fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ bá mi na fóònù yẹn."

Ó nà án láìwo òkè. Ìlà kẹrin ṣẹ́jú.

Atọpinpin sún mọ́ tábìlì kíá. Ó gbá fóònù náà mú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni ìka yín ti wà nínú fóònù mi?"

"Ìka wo?"

"Ẹ má tàn mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ta lẹ mọ̀ nínú àwọn olóògùn yẹn?"

Olùkọ́ náà gbé báírò sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí," ó wí jẹ́jẹ́, "tí ọ́fíìsì yín ń pè lemọ́lemọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo tẹ nọ́ńbà náà, tí o na fóònù sí mi, tí o ní kí n fi ìka mi sí i kí n lè máa dá wọn lóhùn. Ibà ń jó ọ, bóyá o ò rántí. Mi ò sì tún ṣí i láti ọjọ́ tára rẹ ti yá."

Ó rántí. Ó rántí aṣọ tútù tó ń gbé lé e níwájú orí. Ìkẹrin nìyẹn, ìgbà ibà, ó sì wọlé lẹ́yìn ìkẹta, bó ṣe yẹ kó rí. Baba Sájẹ́ǹtì sì ti pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n jọ wọlé ni.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, ojú tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹni tó ń ta àṣírí ọlọ́pàá kì í bẹ̀bẹ̀. "Ẹ kẹ́rù" ló máa kọ, tàbí "ẹ sá." Ẹni tó kọ èyí kò bìkítà fún ẹrù. Ara ẹnì kan tó ń sùn níbẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kan péré ló ń bá sọ̀rọ̀, torí pé inú fóònù ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí, síbẹ̀ "ẹ" ló ń pè é. Baba Sájẹ́ǹtì kò pe ènìyàn ní "ẹ" láyé rẹ̀, títí kan Ọ̀gá Àgbà. Obìnrin ló kọ ọ́. Obìnrin tó ń bá ọkùnrin tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀, bí òun ṣe ń bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yìí.

"Kí ló dé?" ọkọ rẹ̀ béèrè. "Ojú rẹ ti yí padà."

"Nígbà tí ọwọ́ mi kán," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta ló ń bá mi gbé ìpè?"

Olùkọ́ náà kọjú sí ilé ìdáná. Wọ́n ń gbọ́ ìró àwo tí wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀.

*

Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ nínú ilé, torí òun ni ìyá wọn bí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rò pé ó ti tán. Bàbá wọn kú nígbà tó ṣì ń rákò. Atọpinpin ló pọ̀n ọ́n. Òun ló mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ló jókòó tì í nígbà tí kò mọ ìyàtọ̀ lẹ́tà kan sí èkejì, nígbà tó sì ṣègbéyàwó, ó mú un dání wá sílé ọkọ. Tí Atọpinpin bá máa búra nípa ẹnì kan láyé, orí rẹ̀ ló máa fi búra.

Ó wọ ilé ìdáná. Ó gbé fóònù sórí pákó tí wọ́n ń gé ewébẹ̀ lé, ó fa aṣọ ìnuwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwo tí ìyẹn ń fọ̀. Wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bó ṣe máa ń rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè dé lónìí."

"Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi padà. Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

"Iṣẹ́ pọ̀ fún wọn nílé ìtẹ̀wé. Ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń tẹ̀."

Atẹ̀wé ni ọkùnrin náà. Ọmọlúàbí ni lójú gbogbo wọn. Ó ti jókòó sí pálọ̀ yìí, ó ti bá olùkọ́ tún aago ògiri ṣe, ó ti fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Atọpinpin bí iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe ń lọ. Ìwé ara ìgò tó dára ju ti ojúlówó lọ. Atọpinpin nu àwo kan náà títí ó fi gbẹ, ó tún ń nù ún.

"Bá mi na fóònù yẹn," ó wí.

Àbíkẹ́yìn nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó gbé fóònù náà. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ bọ́ sí ojú róbótó ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà kẹta sì ṣẹ́jú, ó di búlúù.

Àwọn méjèèjì jọ rí i. Omi ẹ̀rọ ṣì ń ṣàn. Atọpinpin na ọwọ́, ó ti ẹ̀rọ omi náà pa.

"Ìka ta nìyẹn?"

"Tèmi ni."

"Ìgbà wo lo fi í síbẹ̀?"

"Nígbà tí ọwọ́ yín kán. Ẹ̀yin lẹ tẹ nọ́ńbà, tẹ́ ẹ ní kí n bá yín fi ìka òsì sí i. Mo wá fi tèmi kún un kí n lè máa gbé ìpè fún yín tẹ́ ẹ bá sùn. Kò sí ohun burúkú kankan lọ́kàn mi nígbà yẹn."

"Nígbà yẹn."

Àbíkẹ́yìn gbé fóònù náà sílẹ̀ bí ohun tó gbóná. "Mo fẹ́ wo aago ni, lánàá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ọ̀gá yín fi ránṣẹ́ sí yín wọlé lójú mi. Mo rí orúkọ òpópónà náà. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọ̀sẹ̀ yìí, ó ní òun ń bá ẹnì kan ṣọ́ ẹrù. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa yìnbọn fún un."

"O mọ ẹrù tó ń ṣọ́?"

"Ó ní omi ṣúgà lásán ni. Pé tí kò bá wo ikọ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni."

Atọpinpin gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìbéèrè kan ṣì kù, ó sì mọ̀ pé tí òun bá bi í, òun ò ní lè dá a padà. Ó bi í.

"Fóònù tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o ò fi tìrẹ ránṣẹ́ sí i?"

Àbíkẹ́yìn ki ọwọ́ padà sínú omi ọṣẹ, ó mú àwo mìíràn.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo rò pé tí wọ́n bá rí tèmi, wọ́n á mú mi," ọmọbìnrin náà wí, ó ń wo inú omi ọṣẹ. "Tí wọ́n bá rí tiyín, kò sẹ́ni tó máa fura sí yín. Ọlọ́pàá ni yín. Gbogbo wọn ló mọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Atọpinpin lára bí omi tútù tó ń wọ aṣọ, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé egungun. Ìfẹ́ ọkùnrin, ó lè yé e. Ìbẹ̀rù náà lè yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nírọ̀lẹ́ àná, ó ti ronú, ó ti wọn òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó sì ti yan ẹni tí ìyà máa jẹ tọ́rọ̀ bá wọ́.

"Wọ́n ti gba káàdì mi láàárọ̀ yìí," ó wí.

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ìka náà kúrò. Ẹ kàn yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ká má sọ ọ́ mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ojú ewé náà ṣì wà ní ṣíṣí. Téèyàn bá fọwọ́ tẹ ìlà kẹta, fóònù á béèrè bóyá kó pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa dá a lóhùn. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òun, bóyá wọ́n á gbé òun lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá òun á lọ lómìnira. Atọpinpin wo ìlà náà pẹ́.

"Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù," ó wí níkẹyìn. "Ó mú ìgò náà wá fún mi nínú ọ̀rá. Ó fi ṣíbí hàn mí. Ó ní òun ò ṣàṣìṣe, òun ń wọn ọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó ba kíndìnrín ọmọ náà jẹ́. Ìwé tó ń kà yẹn, tó ń tẹ̀ lé bí Bíbélì, àfẹ́sọ́nà rẹ ló tẹ̀ ẹ́."

Àbíkẹ́yìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó ní kò ní pa ẹnikẹ́ni," ó tún wí, àmọ́ kò jọ ẹni tó gbà á gbọ́ mọ́.

"Fóònù yìí ti di ẹ̀rí. Mi ò ní yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Mo lè purọ́ fún ọ pé màá yọ ọ́, kí o lè sọ ibi tó wà fún mi. Mo ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mi ò ní pa á fún ọ."

Ọmọbìnrin náà fara ti ògiri. "Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé," ó wí. "Yàrá kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kó ẹrù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún un."

*

Wọn ò yìnbọn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yí ilé ìtẹ̀wé náà ká. Wọ́n bá páálí tó kún yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn dé àjà, wọ́n bá ìdì ìwé ara ìgò tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n bá ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń jẹun lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Atẹ̀wé kò bá wọn jà. Nígbà tó rí Atọpinpin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ta ló sọ fún yín?"

Ọ̀gá Àgbà dá káàdì rẹ̀ padà fún un ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ó bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó yìn ín díẹ̀. Baba Sájẹ́ǹtì fa àga kan fún un kó jókòó. Àbíkẹ́yìn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ kí Atọpinpin lọ sílé lọ sinmi, kò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá wọn dé. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún Atọpinpin pé ó ń bọ̀. Ó rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé abọ́ ìrẹsì tó fi aṣọ dì dání, ó ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn.

"Màmá, ẹ káàárọ̀."

"Ọmọ mi dà?" ìyá àgbà béèrè.

"Èmi nìyí, Màmá."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mò ń béèrè."

Àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Atọpinpin gba abọ́ náà, ó tú aṣọ rẹ̀, ooru ìrẹsì náà fẹ́ sí i lójú. Òfin ni pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, lójú ọlọ́pàá. Ó ti sọ ọ́ fún ìyá àwọn ẹlòmíì láìmọye ìgbà. Ó lè pe Baba Sájẹ́ǹtì kó wá bá òun sọ ọ́. Ọkùnrin náà tilẹ̀ ti dìde.

Ó mi orí sí i, pé kó jókòó. Ó mú ṣíbí, ó nà án sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ tọ́ ọ wò kí n rí i."

Ìyá àgbà wo ṣíbí náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó gbà á. Ó bu ìrẹsì ẹnu kan, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi parí.

"Mo ti gbé e mì," ó wí. "Ṣé kí n la ẹnu kí o wò ó?"

"Rárá, Màmá," Atọpinpin wí, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un.